Ọmọ kíláàsì mi gba pàṣán lọ́wọ́ mi: báwo ni mo ṣe fẹ́ wọlé lọ́jọ́ Ajé?

Tíṣà Ìṣirò | Ọjọ́ Ẹtì, aago 8 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè gbé sùn. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn JSS 3 nílé ìwé ìjọba kan n'Íbàdàn, ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ rèé. Ọmọ 58 ló wà ní kíláàsì yẹn. Bẹ́ǹṣì ò kárí, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fún ara wọn mọ́ra ni.

Ọmọkùnrin kan wà lára wọn, á ti tó ọmọ ọdún 15. Láti ìgbà tí a ti wọlé sáà yìí ló ti ń yájú sí mi. Bí mo bá ní kó dìde, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí mo bá ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá, á pòṣé, á kọjú sí fèrèsé. Lónìí ló wá kúrò ní kékeré. Mo kọ ìbéèrè kan sójú pátákó, mo ní kó dìde kà á sókè, kó wá ṣe é. Ó ní, “Mi ò ṣe.” Mo ní kí ló wí? Ó ní, “Mo ní mi ò ṣe, ẹ pe ẹlòmíì.” Kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo ní kó jáde. Ó ní òun ò lọ ibì kankan, pé ilé ìwé ìjọba ni, kì í ṣe ilé bàbá mi. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Ara mi gbóná. Mo mú pàṣán lórí tábìlì, mo lọ bá a. Bí mo ṣe gbé e sókè ló di orí rẹ̀ mú, ó fà á, ó gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Kò fi nà mí o. Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jókòó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ṣọ́ọ̀kì já bọ́. Mo kó ìwé mi, mo jáde kí aago tó lù.

Mo sọ fún ìgbákejì ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn á dá ọmọ náà dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò tí ì kọ ọ́. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé lọ́jọ́ Ajé, aago 9, èmi náà ni mo máa tún wọ kíláàsì yẹn, àwọn 58 náà á sì máa wo ojú mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Tíṣà Eré Ìdárayá | Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:40 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kà á. Igi gànràn-gànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọmọ tó gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà lónìí, bí a bá gbójú fò ó, ọ̀la ló máa gbá tíṣà létí. Nígbà tiwa, asẹ́ńbìlì ni wọ́n ti máa pè é jáde. Tíṣà ọkùnrin mẹ́rin á gbé e sókè, wọ́n á nà án ní méjìlá níṣojú gbogbo ilé ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Òfin ò sì sọ pé ká má ṣe é: òfin ìwà ọ̀daràn wa, ìpín 295, gba olùkọ́ láyè láti na ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin ilé ìwé yín bá yín dá sí i.

Lọ́yà Kékeré | Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ìpín 295 wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ní nínà tó bá dá egbò sí ọmọ lára, tàbí tó bá ju bó ṣe yẹ lọ fún ọjọ́ orí rẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe rí, òfin ò ní gbèjà ẹni tó nà án. Ọkùnrin mẹ́rin sórí ọmọ kan, ẹ gbìyànjú láti ṣàlàyé ìyẹn fún adájọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 tún wà níbẹ̀. Ìpín 11 rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ìyà tó ń tàbùkù ọmọ jẹ ẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti sọ ọ́ di òfin tiwọn, Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007.

Àti ti lílé ọmọ sílé: JSS 3 ṣì wà lábẹ́ òfin UBE ti ọdún 2004, tó sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di dandan, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS. Ilé ìwé lè bá ọmọ wí. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì nígboro fún ọmọkùnrin ọdún 15, ta ló máa wà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀?

Bàbá Tíṣà Àná | Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:30 alẹ́

Ọmọ mi, o kú ìdúró. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o sá. Jíjáde tí o jáde nígbà tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, iṣẹ́ olùkọ́ ni o ṣe yẹn. Ọdún 33 ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí mo kábàámọ̀ jù níbẹ̀ ni àwọn ìgbà tí mi ò jáde.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. O ní o ní kó dìde ka ìbéèrè náà sókè. Agídí tó ń ṣe yìí, ṣé ìgbà gbogbo ni, àbí ìgbà tí ohun kíkà bá kan òun ni? Lọ rò ó dáadáa, kí o wá dá mi lóhùn. Mi ò ní sọ ohun tí mo rò títí wàá fi sọ.

Èyí tí mo lè sọ báyìí rèé. Ìjà tí èèyàn 58 ń wò, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣubú níbẹ̀. Ìwọ ní ipò tí o ò fẹ́ kó bọ́, òun náà ní ojú tí kò fẹ́ kí ó tì í. Nígbà tí o ní “jáde,” ọ̀nà méjì péré lo fi sílẹ̀ fún un: kó jáde bí ojo, tàbí kó jókòó bí akọni. Ọmọ ọdún 15, èwo lo rò pé á mú? Kò ti ẹ̀ rò ó. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a mú un.

Nítorí náà, gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú ọjà. Bó bá tún kọ̀ láti ṣe iṣẹ́, má pè é láti iwájú. Máa bá iṣẹ́ lọ, máa rìn láàárín wọn bí o ṣe máa ń rìn, títí wàá fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ohùn rẹ lọ sílẹ̀, sọ gbólóhùn kan: “Kọ méjì àkọ́kọ́, mò ń padà bọ̀.” Lẹ́yìn náà, kí o yí ẹ̀yìn sí i, kí o lọ bá ẹlòmíràn. Yíyí ẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí o bá dúró tì í, tí ẹ jọ ń wo ara yín lójú, gbogbo kíláàsì á máa ṣọ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Bí o bá ti yí padà, á ráyè mú bíírò rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i pé ó gbọ́ràn. Á lè kùn. Jẹ́ kó kùn. Kíkùn ni owó tó ń gbà kó tó ṣe ohun tí o ní kó ṣe.

Ìkejì, wádìí oríkì rẹ̀. Ní Ìwó, ní nǹkan bí ọdún 1986, mo ní ọmọkùnrin kan tí gbogbo tíṣà ti pa tì. Lọ́jọ́ kan mo pàdé ìyá rẹ̀ àgbà lọ́jà, mo gbọ́ tó ń pè é, “Àjàní, wá ru igbá yìí.” Mi ò sọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dìde sí ọmọ kan ní kíláàsì, iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ. Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní wẹ́lẹ́ sí i létí pé, “Àjàní, ó tó.” Mo rí èjìká rẹ̀ tó wálẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Àmọ́ oríkì kì í ṣe ohun tí a ń pariwo. Bí o bá fi ṣeré níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èébú lo sọ ọ́ dà.

Ní ti ọjọ́ Ajé, má dúró de aago 9. Tètè dé, kí o dúró sí ẹnu géètì. Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí àwọn èèyàn ti ń rí yín tí wọn ò sì lè gbọ́ yín. Sọ tìrẹ kí o tó sọ tirẹ̀: “Mi ò bá má ti gbé pàṣán sí ọ níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ìwọ náà ò bá má ti gbà á lọ́wọ́ mi.” Kí o dákẹ́. Má ní kó kúnlẹ̀. Má ní kó wá tọrọ àforíjì ní kíláàsì.

Tíṣà Eré Ìdárayá | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7 àárọ̀

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bèèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn 57 yòókù ńkọ́? Wọ́n rí i. Bí kò bá sí ìyà kankan, kí ni àwọn náà máa ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?

Bàbá Tíṣà Àná | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:50 àárọ̀

Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì sọ pé kó má sí ìyà. Ìyà gbọdọ̀ wà, kí ó kéré, kí ó dájú, kí ó sì tán lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tó kọ̀ láti ṣe ní kíláàsì, á ṣe é ní ìsinmi pẹ̀lú tíṣà. Pàṣán tó jù nù, òun ló máa mú un padà wá, kí tíṣà sì gbé e kúrò ní kíláàsì náà pátápátá. Àwọn 57 yẹn kì í ka iye ẹgba. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọwọ́ tíṣà ṣì ń gbọ̀n.

Ìyá Ẹlẹ́kọ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 11 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Tíṣà. Èmi kì í ṣe tíṣà, ẹ̀kọ ni mò ń tà. Ọmọ mi kejì ni ẹ ń sọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi ti jáde ilé ìwé. Nígbà tó wà ní JSS, oṣooṣù ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ti rí nọ́ńbà ilé ìwé lórí fóònù, àyà mi á já. Bí mo bá délé, màá sọ fún àbúrò bàbá rẹ̀, ìyẹn á nà án títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ mọ ibi tí ìbínú yẹn máa ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Kíláàsì yín náà ni. Kò lè gbé e bá àbúrò bàbá rẹ̀.

Tíṣà Yorùbá wọn ló yí i padà. Ọjọ́ kan ni mo rí i tó dúró síwájú ìsọ̀ mi. Àyà mi ti já. Ó ra ẹ̀kọ mẹ́rin àti mọ́ínmọ́ín méjì, ó jókòó, ó jẹ ọ̀kan níbẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ọmọ yín mọ ìtàn sọ o. Ó sọ àlọ́ kan fún wa lánàá, gbogbo kíláàsì ń gbè é.” Mo dúró kó sọ búburú tó bá wá. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ló tó padà wá sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ilé, a sì jọ ro ohun tí a máa ṣe. Mo sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn lẹ́yìn tó lọ, nítorí kò sẹ́ni tó tíì wá láti ilé ìwé bá mi sọ ire kan nípa ọmọ yẹn rí.

Ẹ wá ẹni tó ń tọ́ ọ lọ, Àǹtí. Ẹ má dúró de ìpàdé PTA. Ẹ kọ́kọ́ mú ire kan dání. Bí kò bá sí, ẹ wá a.

Olùdámọ̀ràn Èkìtì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 2 ọ̀sán

Díẹ̀ ni tèmi, ẹ̀yin àgbà ti sọ púpọ̀. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lónìí kó tó rú yín lójú: ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an, ohun tí ẹ̀yin náà ṣe. Kì í ṣe láti fi mú un o. Bí òbí bá wá lóṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìtàn mìíràn, ìwé yẹn ló máa gbèjà yín.

Ẹ má bá a dá wà nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Tíṣà obìnrin tó kéré lọ́jọ́ orí, ọmọkùnrin ọdún 15, ẹnu àwọn èèyàn kì í sinmi. Kọ́rídọ̀ tàbí abẹ́ igi ló dáa. Ẹ sì yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò: ẹ gbé e wá síwájú fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ má sọ ìdí. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń pè ní aláìgbọràn, tí etí rẹ̀ ọ̀tún ò sì gbọ́ nǹkan kan.

Bó bá mú ohun ìjà wọlé, tàbí tó halẹ̀ mọ́ yín pé òun máa dúró dè yín lójú ọ̀nà, gbogbo ìmọ̀ràn yìí ti kọjá ibẹ̀. Ẹ mú un lọ bá ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ náà, ẹ má dá gbé e.

Tíṣà Ìlú Ọba | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 6 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti London. Mo kọ́ ọdún mẹ́fà n'Íléṣà kí n tó wá síbí, ọdún 11 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà níbí. Nígbà tí mo dé, mo rò pé láìsí pàṣán mi ò ní lè pẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún 1987 ni òfin ti mú pàṣán kúrò nílé ìwé ìjọba níbí. Tíṣà ò tiẹ̀ láṣẹ láti dá ọmọ dúró sílé, ọ̀gá ilé ìwé nìkan ni, àpapọ̀ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 45 lọ láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ojoojúmọ́ ni ọmọ tó ń yájú máa padà wá jókòó síwájú rẹ. Ó di dandan kí n kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí Bàbá sọ nípa yíyí ẹ̀yìn yẹn, ohun kan náà ni wọ́n kọ́ wa níbí, pẹ̀lú àfikún kan: kí ọmọ ní nǹkan méjì tó lè mú láàárín, kí méjèèjì sì jẹ́ ohun tí o lè fara mọ́. “Ṣé wàá ṣe é báyìí ni, àbí wàá wá ṣe é lọ́dọ̀ mi ní ìsinmi?” Bí wọ́n bá yàn fúnra wọn, ojú ò ní tì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń bà mí nínú jẹ́ níbí, ó sì kan yín. Àwọn tíṣà òyìnbó máa ń ní kí ọmọ wo ojú àwọn bí àwọn bá ń bá a wí. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé dáadáa á wo ilẹ̀, wọ́n á ní ó ń fi nǹkan pa mọ́. Mo ti dúró gbèjà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, bó bá wolẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀yìn Kíláàsì | Ọjọ́ Àìkú, aago 4 ọ̀sán

Àǹtí, mi ò kì í kọ nǹkan sí ibí, kíkà ni mò ń kà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Bàbá bi yín yẹn gún mi lọ́kàn, nítorí èmi ni ọmọ yẹn.

Títí mo fi dé JSS 2, mi ò lè ka ìwé. Mo mọ A, B, D, mo mọ orúkọ mi, ó tán. Bí tíṣà bá ní ká máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú, màá máa ka orí àwọn tó ṣáájú mi. Bó bá ti ku èèyàn méjì kó kàn mí, màá gbá ẹni tó jókòó tì mí lórí, tàbí kí n da inkì sí i láṣọ. Tíṣà á lé mi jáde. Mo ti bọ́ nìyẹn. Ìgbà míì wọ́n á nà mí, mo sì ń fara dà á. Ẹgba mẹ́fà á dùn mí títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá dìde tí mi ò lè kà, wọn á máa pè mí ní olódo títí tí màá fi jáde ilé ìwé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n máa pè mí ní alágídí.

Tíṣà kan ló ká mi mọ́. Ó ní kí n dúró lẹ́yìn tí wọ́n jáde, ó fi ìwé ìròyìn Yorùbá síwájú mi, ó ní, “Fi ọ̀rọ̀ kan tí o mọ̀ hàn mí.” Mi ò rí ọ̀kan. Kò pariwo, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, títí sáà fi parí. Láàárín ìgbà yẹn kì í pè mí kàwé ní kíláàsì, a ti jọ ṣàdéhùn rẹ̀: bó bá fọwọ́ kan tábìlì mi lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀la ló máa pè mí, màá lọ múra ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lálẹ́. Lónìí mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe fèrèsé àlùmíníọ̀mù. Mò ń kọ ìwé owó fúnra mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró kí ẹ tó mọ̀.

Tíṣà Ìṣirò | Ọjọ́ Àìkú, aago 9 alẹ́

Bàbá, mo ti rò ó. Gbogbo ìgbà tó yájú sí mi, ohun kíkà ni. Ọjọ́ tí mo ya igun mẹ́ta sójú pátákó, tí mo ní kí wọ́n fọwọ́ sí èyí tó tóbi jù, òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Mi ò rántí rẹ̀ títí ẹ fi béèrè. Mo ń ka ohun tí Ọmọ Ẹ̀yìn Kíláàsì kọ, omi ń bọ́ lójú mi.

Tíṣà Ìṣirò | Ọjọ́ Ajé, aago 7 alẹ́

Mo dúró sí géètì láti aago 7 ku ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. Mo pè é. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí Bàbá ní kí n sọ, ohùn mi ò gbọ̀n púpọ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ ti òkúta kan síwá sẹ́yìn. Kò dáhùn. Mo ní kó lọ.

Ní aago 9, mo fi ìṣirò sójú pátákó, mi ò pè é. Mo rìn dé ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ó máa ń ṣe kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ èrò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lọ́nà Ọ̀jọ́ọ̀. Mo ní, “Èèyàn 14 wọ ọkọ̀, 300 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.” Mi ò tíì sọ “mélòó” tó fi ní, “4,200.” Mo ní bí àwọn mẹ́ta bá sọ̀ láì sanwó ńkọ́? Ó ní, “3,300, àmọ́ wọn ò lè sọ̀ láì sanwó.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá fi ìka sí ìbéèrè kejì nínú ìwé, ohun kan náà ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń lọ lórí ìlà náà, tó ń padà, tó tún ń lọ. Mo ka á sí Yorùbá fún un wẹ́lẹ́, mo yí ẹ̀yìn. Nígbà tí mo padà dé, ìdáhùn ti wà níbẹ̀.

Bàbá Tíṣà Àná | Ọjọ́ Ajé, aago 8:30 alẹ́

Ọmọ mi, o ṣeun. Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970. Wọ́n mú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n borí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Orí ọmọ rẹ yẹn ò dí. Èdè tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ kíkà náà, Gẹ̀ẹ́sì á bá a níwájú.

Má retí pé agídí náà á tán lọ́sẹ̀ yìí. Ọdún mélòó ló ti fi kọ́ ọ!

Tíṣà Eré Ìdárayá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:30 àárọ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ kan wà ní SS 1 lọ́dọ̀ mi tí mo nà lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá nítorí kò fẹ́ ka ìwé ìfilọ̀ lójú asẹ́ńbìlì. Mo ń lọ wá a lónìí.

Tíṣà Ìṣirò | Ọjọ́bọ̀, aago 5 ìrọ̀lẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò dáa. Ó tún pòṣé sí mi nítorí mo ní kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Mo sọ ti Tíṣà Ìlú Ọba fún un, báyìí tàbí ní ìsinmi, mo kọjá lọ. Ó gbé e kúrò lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Lónìí mo fún gbogbo kíláàsì ní ìbéèrè márùn-ún. Ó kọ márààrún. Mẹ́ta ló gbà. Nígbà tó gbé ìwé rẹ̀ wá sórí tábìlì, kò wo ojú mi, ó kàn rọra ti pàṣán ọjọ́sí síwájú mi pẹ̀lú ìwé náà. Mo ti gbé e lọ sílé. Mo sọ fún ìgbákejì ọ̀gá ilé ìwé pé mi ò ní kọ ìwé ìdádúró náà, wọ́n ní àwọn á máa wò ó. Ìyá rẹ̀ àgbà ló ń tọ́ ọ, ní Ọ̀jọ́ọ̀ náà. Màá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá sọ ti 4,200 náírà yẹn fún wọn, màá sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é nílé.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ kíkà, lábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí ọ́fíìsì, ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Ìwé tí mo ní nílé, ti àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ni, àwòrán ewúrẹ́ àti bọ́ọ̀lù, ojú á tì í bí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ní ohun kíkà Yorùbá tó rọrùn, àmọ́ tó bá ọmọkùnrin ọdún 15 mu? Bó tiẹ̀ jẹ́ ti bọ́ọ̀lù tàbí ti mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.